Ẹni tó ń darí ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì kì í kúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé ẹ̀kọ́ tàbí níbi iṣẹ́ máa ń dá lórí ẹnì kan ṣoṣo: ẹni tó dákú, ẹni tí ọ̀bẹ gé, ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ó wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá bá lọ forí sọ tírélà létí Ògbèsè, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ẹ̀kọ́ yẹn á tán lọ́wọ́ ẹni kíákíá. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ onípele gíga ti bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń dúró, tí a ó fi ojú àti ẹnu ṣiṣẹ́, tí ọwọ́ àwọn ẹlòmíì á máa ṣe èyí tó kù.

Ẹ wo alága ìdúró lóde ìyàwó. Kì í gbé abọ́, kì í to àga, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ilé ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùdarí níbi ìjàǹbá. Ìgbà tó bá ti kúnlẹ̀ ti ẹnì kan, ẹni yẹn nìkan ló ń rí. Kò ní mọ̀ pé ọmọdé kan wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, kò ní mọ̀ pé epo ti ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ló máa ń nira fún jù, torí ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ náà ju kí wọ́n kàn máa wòran lọ. Nígbà ìdánrawò, ẹ ní kí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo débẹ̀, dá ẹ̀jẹ̀ tó ń tú yàà dúró, yí ẹni tó dákú sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì dìde.

Kí o tó sún mọ́ ọn rárá, dúró níbi tí o ti lè rí gbogbo rẹ̀, kí o sì gbóòórùn. Bí táńkà epo bá wà níbẹ̀ tó ń jò, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn tó mítà 50. Bó bá ti gbiná, ẹ jìnnà tó mítà 800. Apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kẹ́ ẹ dúró sí, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń rìn, ó sì máa ń wọ inú gọ́tà lọ. Àwọn tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì wá gbọ́n epo, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kó àwọn èèyàn yín kúrò níbẹ̀ ni. Lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn dáadáa, kọjá kọ́nà tó bá wà, kó máa dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu. “Ẹ bá wa pe àńbúláǹsì o!” Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wí, kò sì sẹ́ni tó máa pè é. Nawọ́ sí ẹnì kan: “Bọ̀dá tẹ́ ẹ wọ aṣọ búlúù, ẹ pe 112. Ẹ sọ pé èèyàn 14 ló wà ńbẹ̀, méjì há sínú ọkọ̀, kò sí iná. Ẹ padà wá sọ ohun tí wọ́n bá wí fún mi.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù: bí kò bá padà wá, o ti mọ̀ pé ìpè náà kò wọlé. Fi ẹlòmíì sí 122, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. “Ọ̀nà Ọ̀wọ̀” nìkan kì í ṣe àdírẹ́sì o. Ẹ dárúkọ ìlú tó sún mọ́ ọn jù, ilé epo tàbí afárá tó wà nítòsí, àti apá ibi tí ọkọ̀ náà dojú kọ.

Níbi tiwa, àgbàlagbà kan máa wà láàárín èrò tí yóò máa pàṣẹ tirẹ̀. Má bá a fa ọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ẹ bá wa da àwọn èèyàn yìí sẹ́yìn kọjá òpó iná yẹn.” O ti rí ẹni tó máa kápá èrò. Èèyàn márùn-ún ló dáa kó máa jábọ̀ fún ọ tààrà. Tí wọ́n bá ju méje lọ, yan igbákejì.

Lẹ́yìn èyí ni ṣíṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní triage. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní START, tí wọ́n gbé jáde ní California lọ́dún 1983, ló rọrùn jù, torí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ẹnì kan. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín wọn: pupa kò gbọdọ̀ dúró, yẹ́lò lè dúró díẹ̀, gírínì lè dúró pẹ́, dúdú ni ẹni tí kò mí mọ́. Kọ́kọ́ pariwo: “Ẹni tó bá lè rìn, ẹ máa bọ̀ lábẹ́ igi yìí!” Àwọn tó bá wá, gírínì ni wọ́n. Fi ẹnì kan tì wọ́n, kí wọ́n má baà fẹsẹ̀ wọn rìn lọ. Àwọn tó ń ké jù sábà máa ń wà nínú wọn. Ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni kẹ́ ẹ sáré lọ bá. Bí kò bá mí, gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí mí, pupa. Tí kò bá mí síbẹ̀, dúdú, ẹ kọjá. Ti ọmọdé yàtọ̀: bí iṣan rẹ̀ bá ṣì ń lù, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún ná, torí lára ọmọdé, èémí ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá kí ọkàn tó tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá ń mí ju ìgbà 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, pupa. Kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Tí iṣan ọrùn ọwọ́ kò bá lù, pupa. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ là á sílẹ̀, èékánná ni wọ́n ní ká tẹ̀ ká wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ á padà síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, ṣùgbọ́n lóru lójú ọ̀nà Òǹdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wẹ̀nà, kí lẹ fẹ́ fi rí èékánná? Ẹ fọwọ́ kan iṣan. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé kó di ọwọ́ rẹ mú. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, pupa. Àwọn tó kù, yẹ́lò. Téèpù funfun àti máàkà tó fún àmì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá. Kí ẹ sì tún wọn wò léraléra, torí ẹni tó wà ní yẹ́lò lè di pupa kí ẹ tó yíjú.

Dúdú ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ìyá ọmọ wà níbẹ̀ tó ń sunkún, èèyàn mẹ́ta á lọ ṣù bo ẹni tí kò mí mọ́, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn á sì máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Títẹ àyà wà fún ìgbà tí ọwọ́ bá pọ̀ ju àwọn tó farapa lọ. Nígbà náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 fún àgbàlagbà, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, èémí méjì lẹ́yìn ìgbà 30. Iṣẹ́ olùdarí níbẹ̀ ni kó máa wo aago, kó sì pààrọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, bí ẹni yẹn tiẹ̀ ní kò tíì rẹ òun. Á ti rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kò ní jìn mọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká fi àkókò tó pọ̀ jù kọ́ èèyàn. Fún apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀ tí títẹ̀ kò dá dúró, tourniquet ni, ìyẹn ọ̀já tí wọ́n ń lọ́ mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lókè ojú ọgbẹ́ ni kí ẹ so ó sí, kó má ṣe bọ́ sórí ìgúnpá tàbí orúnkún. Bí ẹ kò bá ní ojúlówó rẹ̀, ẹ ya aṣọ àǹkárá, ẹ ká a kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ ta kókó kan, ẹ gbé igi lé e, ẹ ta kókó kejì, kí ẹ wá máa lọ́ igi náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Bírò á ṣẹ́. Ọwọ́ ṣíbí onírin ńlá tàbí sukudíráfà ló dáa. Bẹ́líìtì awọ le jù, kò ṣeé lọ́. Wáyà àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á gé ẹran ara. Ẹ so igi náà mọ́lẹ̀ kó má baà tú. Yóò dùn ún gan-an, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń jáde, kò fún tó, ẹ fi òmíràn sí i lókè rẹ̀. Ẹ kọ àsìkò tí ẹ so ó síwájú orí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tú u “kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè lọ díẹ̀”, àfi dókítà.

Abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn kò ṣeé so. Ẹ ki gọ́ọ̀sì bọ inú ojú ọgbẹ́ náà, ẹ fi ìka tì í wọlé títí tí kò fi ní gbà mọ́, kí ẹ wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ẹni tó ń ṣí i wò ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì ni.

Àwọn tó kù, kíákíá: ẹ má bu omi sẹ́nu ẹni tó dákú. Ẹni tí giri gbé, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ojú iná, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa. Bí ẹ bá fẹ́ yí ẹni tó lè ti fi ọrùn ṣèṣe, èèyàn mẹ́rin ni, ẹni tó di orí mú ló sì máa ń kà á: “Ó di mẹ́ta.” Ẹ má sì gbé e jókòó sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, orí tí kò dúró á tẹ̀ síwájú, ọ̀nà ọ̀fun á dí.

Kí ẹ má kó gbogbo wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Àkúrẹ́ ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti UNIMED (yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Òǹdó), Òǹdó náà ní tirẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá fi aláìsàn lé wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn: “Ọkùnrin, bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Aago méjì àbọ̀. Bọ́ọ̀sì kọ lu tírélà, iwájú ló jókòó sí. Itan òsì ya. Ó ń mí ìgbà 28, ó ń dáhùn. A so itan ní 2:41.” Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ní ti ẹni tí ìbọn bà, òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n gbà á, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kó má sí. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú “ẹ jọ̀ọ́ mà”. Ó máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé, olùdarí gbọ́dọ̀ wo ọwọ́ àti ojú àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀ ya, tí gíláàsì gé tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lójú, kó fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, ti ara pẹ̀lú ọṣẹ, kó má fún ojú ọgbẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an, torí oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV kò wúlò mọ́ tó bá ti kọjá wákàtí 72.