Rory tó di mègáàdì nítorí Amy

Ẹ má bínú o, ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan síbí. Ọ̀rọ̀ Rory ló gbé mi wá, Rory inú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn o, kì í ṣe ẹnì kankan ládùúgbò wa l'Adó. Alẹ́ Sátidé lèmi àti àbúrò mi obìnrin ń tún apá tó jáde ní 2010 wò lórí láptọ́ọ̀pù, NẸ́PÀ ti mú iná lọ, bátìrì ń lọ sílẹ̀, a sì ti bura pé a ò ní tan jẹnẹrétọ̀ tórí owó epo.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Dókítà, ẹni tí eré náà dá lé lórí, ní àpótí búlúù kan tó fi ń lọ sáyé àtijọ́, ó tún fi ń lọ sáyé tó ń bọ̀. Amy, ọmọbìnrin tó ń bá a rìn, ló fẹ́ràn ìrìnkèrindò yẹn. Rory àfẹ́sọ́nà ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, tiẹ̀ ò ju kó ṣègbéyàwó kó máa gbélé ẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé e dé Venice ọdún 1580, ojú ẹ̀ ò kúrò lára Dókítà, àfi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ̀ (kò sì jẹ̀bi, Amy ti fẹnu ko Dókítà lẹ́nu nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la). Èmi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, alágbàárù ni mò ń pè é. Ó máa ń dun àbúrò mi, nọ́ọ̀sì lòun náà.

Àfìgbà tá a dé ibi àpótí kejì. Wọ́n ti sọ Rory di sójà Róòmù tí wọ́n fi ike ṣe, ìbọn wà nínú ọwọ́ ẹ̀, ọwọ́ ọ̀hún ṣàdédé yìnbọn lu Amy, òun fúnra ẹ̀ ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 102 nìyẹn. Dókítà wá ń sọ̀rọ̀ bíi pé Amy ò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé òun ọ̀run, ni Rory bá fún un ní ẹ̀ṣẹ́ kan, gbì! Àbúrò mi pariwo débi pé wọ́n ń béèrè níta pé kí ló dé. Inú Dókítà dùn, àṣé ó ń dán an wò ni, bóyá èèyàn ṣì kù nínú ike yẹn.

Wọ́n tẹ́ Amy sínú àpótí kejì ọ̀hún, èyí tí ò ní jẹ́ kó kú, àmọ́ ó di 1996 kó tó jáde. Dókítà ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi fò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kìlọ̀ fún Rory pé tó bá dúró, orí ẹ̀ lè dà rú, torí kò ní sùn, kò ní sinmi. Rory kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ewu tó wà fún Amy máa dín kù tóun bá dúró. Ló bá jókòó tì í pẹ̀lú idà.

Ọdún 1,894! Èmi tí mo máa ń kanra tí wọ́n bá ní kí n dúró ní bánkì fún wákàtí kan. Nígbà tí bọ́ǹbù ń já bọ́ sí London, ní 1941, òun ló wọ́ àpótí yẹn jáde nínú iná. Ìgbà tá a máa padà rí i, inú mùsíọ́ọ̀mù ni, ó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó gbé tọ́ọ̀ṣì. Mègáàdì! Sójà tí wọ́n ń pìtàn ẹ̀ kiri, tọ́ọ̀ṣì ló mú lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi, ibẹ̀ náà sì ni bátìrì kú sí.

Nínú òkùnkùn, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bíi ti Fájuyì nìyẹn."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọmọ Adó ni Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, a sì ń gba ibi tí wọ́n forúkọ ẹ̀ pè kọjá ṣáá, ó ti di ibi tá a ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ṣe àlejò ẹ̀ n'Íbàdàn ní July 1966, àwọn sójà wá mú àlejò, ìtàn tá a gbọ́ dàgbà ni pé ó lóun ò ní fi àlejò òun sílẹ̀, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Bàbá wa máa ń sọ ọ́ bíi pé òun wà níbẹ̀. Èmi ò ronú kan Fájuyì rárá, alágbàárù ni mo ṣáà ń pe Rory.

Àbúrò mi ti dìde ní tiẹ̀, mo gbọ́ tó ń wá kẹ́ẹ̀gì epo nínú òkùnkùn. Mi ò rán an létí ìbúra kankan.