Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu àríyànjiyàn Hall of Fame bésíbọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ data, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ẹ kú ìsapá o. Àwọn kan nínú yín máa ń bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà gbèjà ọ̀rọ̀ láì bínú, mo sì máa ń sọ pé yunifásítì ṣe tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹnu àríyànjiyàn bésíbọ́ọ̀lù ni mo ti kọ́ ọ. Chicago ni mò ń gbé. Tó bá ti di January báyìí tí wọ́n fẹ́ kéde àwọn tó wọ Hall of Fame, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn tó dáńtọ́ jù nínú bésíbọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó ń jẹun ọ̀sán ní jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́ níbi iṣẹ́ wa, wọ́n á ní lágbájá yẹ, tàmẹ̀dù ò yẹ, àwọn kan á ti dìde dúró. Èmi náà wọ̀ ọ́, mo sì wọ̀ ọ́ gan-an, torí mo fẹ́ràn ẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, Cooperstown ni Hall of Fame yìí wà, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York. 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò, àwọn márùn-ún ló wọlé, Babe Ruth àti Ty Cobb wà níbẹ̀. Àwọn oníròyìn tó ti lo ọdún 10 nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ̀ròyìn bésíbọ́ọ̀lù ló ń dìbò, ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún gbọ́dọ̀ ti gbá sáà 10 ó kéré tán, kó sì ti fẹ̀yìn tì fún ọdún 5. Oníròyìn kan ò lè kọ ju orúkọ 10 lọ. Ẹni tó bá rí ìbò 75 nínú 100 ti wọlé nìyẹn, ẹni tí ò bá tó 5 nínú 100, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, àwọn tó bá wà láàrin á máa padà wá lọ́dọọdún títí dé ọdún 10. Ọdún 15 ni tẹ́lẹ̀, 2014 ni wọ́n dín in kù. Ẹni tí àwọn oníròyìn ò bá mú, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 kan wà tó lè tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbé yẹ̀ wò, 12 nínú wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kọ́ ni pé kẹ́ ẹ mú òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òdìkejì ẹ̀ ni gbogbo wa sábà máa ń ṣe, a ti ní ẹni tí a fẹ́ràn lọ́kàn, a wá ń wá nọ́ńbà tó máa gbè é. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Jack Morris àti Bert Blyleven. Pitcher ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú láti gbá a. Lọ́dún 1991, ní alẹ́ tó kẹ́yìn World Series, ìyẹn àṣekágbá ọdún, Morris ju inning 10 (inning mẹ́sàn-án ni wọ́n sábà máa ń pín géèmù kan sí) fún Minnesota Twins láìjẹ́ kí Atlanta rí máàkì kan ṣoṣo, ẹni tó bá wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé. Nítorí alẹ́ yẹn làwọn èèyàn ṣe ń jà fún un. Tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ló dé tí Morris fi yẹ, wọ́n á ní torí ó ń borí ni, ó borí nínú 254 géèmù. Ó dáa, Blyleven borí nínú 287 ńkọ́? Wọ́n á ní ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo World Series. Blyleven gba méjì, 1979 àti 1987. Wọ́n á tún fi ìyẹn náà sílẹ̀. Blyleven ní strikeout 3,701, ìyẹn ìgbà tí ẹni tó di igi mú kùnà lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n sì ní kó jáde, máàkì tó ń jẹ́ kí wọ́n gbà lórí òun sì jẹ́ 3.31 ní inning mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ti Morris jẹ́ 3.90, èyí tó bá kéré ló sì dáa jù. Síbẹ̀, ọdún kẹrìnlá tí orúkọ Blyleven wà nínú ìbò ló tó wọlé ní 2011, Morris lo ọdún 15 gbáko láìwọlé, ìgbìmọ̀ ló mú un ní December 2017.

Mi ò sọ pé alẹ́ 1991 ò já mọ́ nǹkan o. Tẹ́ ẹ bá gbà pé alẹ́ kan lè gbé èèyàn wọlé, ó dáa, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wọn gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tẹ́ ẹ ò fẹ́ràn. Lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ yan èyí tó dáa jù nínú nǹkan márùn-ún, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi wọ̀n wọ́n sórí pépà kẹ́ ẹ tó ṣí fáìlì rárá, ẹ fi déètì sí i. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà tó pọ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti Lou Whitaker. Ọkùnrin ará Detroit kan wà níbi iṣẹ́ wa, tí wọ́n bá ti dárúkọ Whitaker báyìí á gbé ṣíbí sílẹ̀, á fa pépà yọ, á fàlà sáàrin ẹ̀, á kọ Whitaker sí apá kan, Ryne Sandberg sí apá kejì. Second base làwọn méjèèjì ń gbá, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ìkejì nínú base mẹ́rin tí wọ́n máa ń sáré yí ká kí wọ́n tó gba máàkì, ìgbà kan náà ni wọ́n sì gbá a, Whitaker fún Detroit Tigers láti 1977 dé 1995, Sandberg fún Cubs níbí ní Chicago. Hit, ìyẹn kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kó sì fi dé base: Whitaker 2,369, Sandberg 2,386. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Home run, ìyẹn kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá, Sandberg jù ú lọ, 282 sí 244. Ibẹ̀ ni ará Detroit yẹn máa ti fi bírò tẹ pépà pé ẹ dúró, ẹ wo walk. Walk ni kí pitcher ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí ò dáa, tí ẹni tó di igi mú ò sì fi ojú kòkòrò gbá wọn, wọ́n á ní kó máa lọ sí base àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún walk, àmọ́ ẹni tó wà lórí base ló lè gba máàkì wálé. Whitaker ní 1,197, Sandberg ní 761. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, Whitaker ń dé orí base ní ìgbà 36.3 nínú 100, Sandberg ní 34.4.

Sandberg wọlé ní 2005, ó sì yẹ ẹ́. Whitaker ńkọ́? Lọ́dún 2001 tí orúkọ ẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ìbò 15 péré ló rí, 2.9 nínú 100, ó ti parí nìyẹn, wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ tún wá wo èyí, Alan Trammell tí òun àti Whitaker jọ gbá fún Detroit fún sáà 19, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń dúró, òun ní hit 2,365, mẹ́rin péré ló fi dín sí ti Whitaker. Àwọn oníròyìn gbé orúkọ Trammell yẹ̀ wò fún ọdún 15, ìgbìmọ̀ wá mú un wọlé ní December 2017. Nígbà tó kan Whitaker níwájú ìgbìmọ̀ ní December 2019, mẹ́fà nínú 16 ló rí.

Ohun tó ṣe Whitaker ni pé kò rí àkókò. Blyleven bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 17.5 nínú 100, èyí tó jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí àwọn èèyàn fi jókòó ka nọ́ńbà ẹ̀ dáadáa. Àwọn tó dìbò ní 2001 ò ní irú òṣùwọ̀n tí a ní lónìí, wọn ò sì ka walk sí, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi, tó bá kàn yín láti ṣètò bí wọ́n á ṣe máa ṣa àwọn kan mú, bóyá lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ ni o, bóyá fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíípù ni, ẹ má ṣe irú ìlà tí ẹni tó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ò ní lè padà wá mọ́ láéláé. Mò ń bẹ̀ yín ni.

Larry Walker kọ́ mi ní nǹkan míì. Ọmọ Kánádà ni, Colorado Rockies ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù, pápá Coors Field wọn ní Denver sì ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,600, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá níbẹ̀ máa ń fò jìnnà. Batting average Walker, ìyẹn iye ìgbà tó ń rí hit tó bá di igi mú, jẹ́ .381 ní Coors Field (38.1 nínú 100), tó bá kúrò nílé lọ gbá lọ́dọ̀ ẹlòmíì, .278. Torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ní iṣẹ́ atẹ́gùn ni, ìbò ẹ̀ sì wálẹ̀ dé 10.2 nínú 100 ní 2014. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn kì í ṣe irọ́ o. Àmọ́ kóńgò ọjà kan máa ń tóbi ju ti ọjà kejì lọ, ẹni tó ra ìrẹsì ní kóńgò ńlá, ẹ ò lè sọ pé kò ra nǹkan kan, ẹ máa ṣírò iye tó jẹ́ ní kóńgò kékeré ni. Òṣùwọ̀n kan wà fún bí èèyàn ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sí, tí wọ́n ń pè ní OPS+, ó máa ń yọ èrè pápá kúrò, 100 ni ti ẹni tí ò dáa jù tí ò sì burú jù, Walker ní 141. Ohun tó wá mú mi gbà pátápátá ni pé lọ́dún 1997 tó gba MVP, ìyẹn oyè ẹni tó ta yọ jù ní líìgì lọ́dún kan, home run 49 ló gbá, 29 nínú ẹ̀ jẹ́ ní pápá àwọn ẹlòmíì, níbi tí atẹ́gùn Denver ò sí. Ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀ nínú ìbò, 2020, ló wọlé pẹ̀lú 76.6, ìbò mẹ́fà péré ló fi lé.

Gbogbo èyí tí mo sọ bọ̀ wá, ti àwọn tí wọ́n kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ ni. Àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ pápá rárá ńkọ́? Kó tó di April 1947 tí Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú, wọ líìgì ńlá, wọn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbá níbẹ̀, Negro Leagues, líìgì tiwọn lọ́tọ̀, ni wọ́n ń gbá. Josh Gibson, ọ̀kan lára wọn, kú ní January 1947, oṣù mẹ́ta ṣáájú. Martín Dihigo tó lè gbá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ipò tó wà lórí pápá, tó tún ń ju bọ́ọ̀lù, kò gbá nínú líìgì ńlá lọ́jọ́ kan. Ọmọ Matanzas ni, ní Kúbà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Matanzas jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn Lukumí, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, fìdí òrìṣà múlẹ̀ sí. Agbègbè Matanzas yẹn náà ni Minnie Miñoso ti wá, ìlú Perico. Ère Miñoso wà ní pápá White Sox níbí, tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá mo máa ń dúró wò ó. New York Cubans ló gbá fún nínú Negro Leagues, ìgbà tó wọ White Sox ní 1951 gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá fún wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tó di igi mú ló gbá home run. Àwọn oníròyìn ka nọ́ńbà ẹ̀, wọ́n ní kò pọ̀ tó. Kò lè pọ̀ tó! Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, ẹ wá ń ka iye ọdún tó fi wà nínú ilé. Ó kú ní 2015, December 2021 ni ìgbìmọ̀ tó mú un.

1966 ni Ted Williams dìde ní Cooperstown lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi òun fúnra ẹ̀ jẹ oyè, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ó wu òun kí àwọn ará Negro Leagues bíi Satchel Paige àti Josh Gibson náà wọlé. Paige wọlé ní 1971, Gibson ní 1972, Dihigo ní 1977. Àmọ́ ọdún 2020 ni líìgì tó gbà pé líìgì ńlá ni Negro Leagues, 2024 ni wọ́n fi nọ́ńbà wọn kún ti àwọn tó kù, Gibson sì bọ́ síwájú Ty Cobb lórí batting average, .372 sí .367. Nítorí náà, tí àyè kan bá ṣófo nínú tébù data yín, ẹ má yára kọ òdo síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ṣófo fún àti ẹni tó sọ ọ́ di òfìfo.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwà, torí òfin Hall ní kí olùdìbò wo ìwà ọmọlúàbí náà. Barry Bonds ní home run 762, kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀, MVP méje. Ẹ̀sùn pé ó lo oògùn tó ń fún ara lágbára ni ò jẹ́ kó wọlé, 66 nínú 100 ló rí lọ́dún tó kẹ́yìn ẹ̀ ní 2022, ìgbìmọ̀ náà kọ̀ ọ́. Èmi gbà pé ó yẹ kó wọlé. Nígbà tí 1998 fi máa parí ó ti ní MVP mẹ́ta, ó ti kọjá 400 home run àti 400 base tó jí, ìyẹn base tó sáré gbà láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, kò tíì sí ẹlòmíì tó ṣe bẹ́ẹ̀. 2005 ni líìgì tó bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹni tí àyẹ̀wò bá mú dúró, wọn ò sì fìyà jẹ Bonds lórí ẹ̀ rí. Bud Selig tó jẹ́ olórí líìgì nígbà yẹn ti wà nínú Hall láti 2017. Ẹ ò lè gba olórí wọlé kẹ́ ẹ ti ọmọ abẹ́ ẹ̀ síta. Ẹ kọ ẹ̀sùn náà sára ògiri kí ẹni tó bá wọlé kà á.

Ti Pete Rose yàtọ̀ lọ́wọ́ mi. Hit 4,256, òun ló pọ̀ jù, àmọ́ nígbà tó jẹ́ mánijà Cincinnati Reds ó ń ta tẹ́tẹ́ lórí géèmù tìmù tóun fúnra ẹ̀ ń darí, ohun tí òfin líìgì kà léèwọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n lé e ní 1989, 2004 ló tó jẹ́wọ́. Ó kú ní 2024, líìgì wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí orúkọ ẹ̀ ní 2025, ó lè dé iwájú ìgbìmọ̀ ní December 2027. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní bírò, mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀, torí ẹni tó ń darí tìmù tó sì tún ń ta tẹ́tẹ́ lé e ti ba ohun tí gbogbo nọ́ńbà tá à ń kà yìí dúró lé jẹ́. Bonds, màá kọ ọ́. Whitaker sì ni màá kọ́kọ́ kọ.