Owó tí báńkì ń yọ lórí overdraft: ibo ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ pin sí?

Bí ẹ bá ná owó ju èyí tó wà nínú àkáǹtì yín lọ, tí báńkì sì san án fún ẹni tí ẹ fẹ́ san án fún, báńkì ti yá yín lówó nìyẹn; òun ni wọ́n ń pè ní overdraft. Ẹni tó yáni lówó lẹ́tọ̀ọ́ sí èlé. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé nínú ọ̀pọ̀ àkáǹtì, ohun tí wọ́n ń yọ kì í ṣe èlé. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n gé kalẹ̀, yálà gbèsè náà kéré tàbí ó pọ̀, yálà ẹ san án lọ́la tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó tí kò wo ìwọ̀n gbèsè, tí kò sì wo iye ọjọ́, ìtanràn ni lójú tèmi, báńkì kì í sì í ṣe ilé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́dún 2014, CFPB, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà báńkì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú overdraft tí káàdì ń fà ló jẹ́ lórí ọjà tí kò ju dọ́là 24 lọ, àti pé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé ni ọ̀pọ̀ ti san gbèsè náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi dọ́là 34 ni báńkì ń yọ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ẹ fi 24 pín 34, ẹ ó rí 1.42 tàbí súnmọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta tó wà nínú ọdún kan jẹ́ bíi 122. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀: èlé ọdún kan ti lé ní ìdá 17,000 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí sogúndogójì bá bèèrè iye bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ni wọn yóò pè fún un.

Àwọn báńkì ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní ewu ń bẹ nínú yíyá ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lówó, àti pé àwọn kan ń fi gbèsè sílẹ̀ lọ tí wọn kì í padà wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí báńkì wà láàárín gbogbo àwọn tí ẹ jẹ lówó: òun ló ń kọ́kọ́ mú. Bí owó oṣù yín bá ṣe ń wọlé báyìí, gbèsè báńkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí onílé tó rí tiẹ̀, kí iná mànàmáná tó rí tiẹ̀. Ewu ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà owó kò lè dà bíi ti ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn òde.

Ohun tó tún burú ju iye owó náà lọ ni ètò tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sínú àkáǹtì. Ẹ kà á sí pé 100 ló wà nínú àkáǹtì yín. Láàárọ̀ ẹ ra ohun 10, lọ́sàn-án ẹ ra ti 15, lẹ́yìn náà ti 20, nígbà tó di alẹ́ ẹ wá san 90. Bí báńkì bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe wáyé, mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò kọjá láìsí wàhálà, yóò ku 55, ti 90 nìkan ni yóò wọ gbèsè: ìtanràn kan. Bí báńkì bá fi èyí tó tóbi jù ṣíwájú, 90 ti lọ, ó ku 10, lẹ́yìn náà 20 wọ gbèsè, 15 wọ gbèsè, 10 wọ gbèsè: ìtanràn mẹ́ta. Gbèsè yín kò yí padà rárá, 35 ni lọ́nà méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni iye ìgbà tí báńkì rí yín mú.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní California, William Alsup, pàṣẹ pé kí báńkì Wells Fargo san mílíọ̀nù 203 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà nítorí irú ètò yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bank of America gbà láti san mílíọ̀nù 410 dọ́là kí wọ́n lè parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ibòmíràn tún wà tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ná ìnákúnàá. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé epo sábà máa ń di owó kan mú lórí káàdì, ó sì lè ju èyí tí ẹ máa san gan-an lọ. Títí wọn yóò fi tú u sílẹ̀, owó náà hàn lójú ìwé ṣùgbọ́n ẹ kò lè ná an. Nítorí náà, iye tó wà nínú àkáǹtì àti iye tí ẹ lè ná jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí èkejì sì ni ẹ gbọ́dọ̀ máa wò. Ó tún ṣẹlẹ̀ pé káàdì yóò kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tí owó ṣì pé, báńkì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni ọlọ́jà tó wá gba owó rẹ̀. Bí nǹkan mìíràn bá ti jẹ owó náà láàárín, báńkì kan yóò yọ ìtanràn lórí ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé owó rẹ̀ wà. Èyí ni mo rò pé kò ní àwíjàre kankan.

Ta wá ló ń san gbogbo rẹ̀? FCA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ owó ní Ìlú Ọba, rí i pé lọ́dún 2016, ó ju ìdajì owó tí báńkì rí lórí overdraft tí wọn kò fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ lọ tó wá láti ọwọ́ ìdá 1.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà. Ẹ rò ó dáadáa. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ tí àwọn tó kù ń lò, àwọn tí owó oṣù wọn kì í dé ìparí oṣù ló ń bá wọn san apá kan nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi pe ọ̀rọ̀ yìí ní àìṣòdodo, ibí yìí ni mo máa ń tọ́ka sí ṣáájú ibi gbogbo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ti sọ pé owó náà tọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Ìlú Ọba dá báńkì láre nínú ẹjọ́ tí OFT, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà níbẹ̀ nígbà náà, bá báńkì Abbey National àti àwọn báńkì mìíràn ṣe. Ohun tí ìdájọ́ náà sọ ni pé owó yìí jẹ́ ara iye tí oníbàárà ń san fún gbogbo iṣẹ́ tí báńkì ń ṣe fún un, nípa bẹ́ẹ̀ òfin kò fún OFT láyè láti gbé e yẹ̀wò bóyá ó pọ̀ jù fún iṣẹ́ náà. Bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, wọn kò dáhùn ìyẹn.

Ìlànà FCA ló wá yí nǹkan padà. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, báńkì ní Ìlú Ọba kò lè gé iye kan lé overdraft lórí mọ́. Èlé ọdún kan ṣoṣo ni, èyí tí wọn kò fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n ju èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ. Kí ìlànà náà tó dé, FCA ní gbèsè 100 pọ́n-ùn lè ná ènìyàn pọ́n-ùn 5 lóòjọ́; wọ́n retí kí ó má tó 20 pẹ́ńsì mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí bàtà ti ń ta: ọ̀pọ̀ báńkì gbé èlé náà sí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kan tó ní overdraft tí báńkì fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ sì wá ń san ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Ìdá 40 wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá jẹ gbèsè ọjọ́ méjì, ọjọ́ méjì ni yóò san.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2010 ni òfin ti ní kí báńkì gba àṣẹ oníbàárà kí ó tó lè yọ owó lórí overdraft tí káàdì fà lọ́wọ́ ọlọ́jà tàbí lẹ́nu ATM. Sọ̀wédowó àti owó tí ẹlòmíràn ń yọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù kò sí nínú rẹ̀. CFPB tún gbé ìlànà kan jáde ní ìparí ọdún 2024 tó fẹ́ fa owó overdraft àwọn báńkì ńláńlá wá sí dọ́là 5, ṣùgbọ́n Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wọ́gi lé e lọ́dún 2025 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Capital One àti Citibank ti fọwọ́ ara wọn pa owó náà rẹ́ lọ́dún 2022, Bank of America sì gé e láti dọ́là 35 sí 10. Bí ó bá jẹ́ pé ìnáwó gidi ló wà nídìí dọ́là 35 yẹn, kò ní rọrùn láti gé e bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ kọ̀wé sí báńkì yín, ẹ má fẹnu lásán bèèrè. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń to owó tó ń jáde lójúmọ́, bóyá lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ owó tàbí lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìgbà mélòó ni wọ́n lè yọ ọ́ lọ́jọ́ kan, àti bóyá àyè wà láti dá owó padà kí ilẹ̀ tó ṣú kí wọ́n má bàa yọ ohunkóhun. Bí báńkì yín bá gbà kí ẹ pa overdraft orí káàdì, ẹ pa á. Káàdì lè kọ̀ níwájú ọlọ́jà, ojú sì lè tì yín fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò ní ná yín ní ohunkóhun. Ẹ mọ̀ pé èyí kò dá owó tí ilé iṣẹ́ ń yọ lóṣooṣù dúró: bí ìyẹn bá kọ̀, ilé iṣẹ́ náà lè fi owó tirẹ̀ lé e, ó sì lè tún un gbìyànjú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí báńkì tún yọ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ ìyọwó sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ owó oṣù, torí pé owó oṣù tó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ lè pẹ́.

Bí wọ́n bá ti yọ owó ná, ẹ tètè bèèrè rẹ̀ padà. Ẹ kọ ọjọ́, iye, àti ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ wá èyí tí owó ìtanràn fúnra rẹ̀ fà, ìyẹn ni pé ìtanràn àkọ́kọ́ ló ti yín wọ gbèsè kejì. Irú èyí ló rọrùn jù láti gbà padà. Bí ọwọ́ yín kò bá tẹ nǹkan, ẹ sọ ọ́ láìfi bò, kí ẹ sì fi ìwé tì í. Ní Ìlú Ọba, báńkì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fún yín ní èsì tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ẹ ní oṣù mẹ́fà láti gbé ẹjọ́ lọ bá Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti báńkì, láìsan owó kankan.

Fún ẹni tí gbèsè náà ti di ti oṣooṣù, ẹ má retí kí báńkì kan náà jẹ́ kí ẹ mí. Ẹ ṣí àkáǹtì tí kò ní overdraft sí báńkì mìíràn, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kí ẹ darí owó oṣù síbẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí báńkì àtijọ́ pé iye báyìí ni ẹ lè máa san lóṣooṣù títí gbèsè yóò fi tán. Ẹ ṣe é kí owó oṣù tó kàn tó wọlé.