Òkúta kan nínú agolo tòmátì ní Ìtòkú

Torí àdìrẹ ni mo ṣe lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ìbò ni mo gbé bọ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta láàárọ̀ Sátidé, mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká, mo wá bá onímáruwá ná ọjà dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ. (Ẹ mú owó dání o. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó àdìrẹ mi ti kọ́kọ́ dín.)

Ìyá tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń ká aṣọ ní yáàdì márùn-ún márùn-ún, aró ti wọ inú èékánná rẹ̀ lọ. Mo ní, "Màmá, ọjà ńkọ́?"

"Ọkọ mi, bí wọn ò bá ti dìbò níbì kankan, ọjà ń lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu, ní Accra, títí dé Banjul ní Gámbíà, nítorí náà ó mọ ìgbà ìbò wọn ju oníròyìn lọ. Ti àwa fúnra wa ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, wọ́n ti ẹnubodè pa, owó tuntun ò sì sí lóde. Ẹrù tó ti dì fún ará Kútọnu kan sùn sí ṣọ́ọ̀bù.

Ti Gánà ló wù ú. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n dìbò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Bawumia, igbákejì ààrẹ tó ń díje, ti pe Mahama tó na òun lórí fóònù, ó ti kí i kú oríire, àjọ elétò ìdìbò ò tíì kéde nǹkan kan. Ìyá ní kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, oníbàárà òun ti ń bèèrè aṣọ Kérésì.

Ṣùgbọ́n ti Gámbíà ló yà mí lẹ́nu. Ìyá da àbẹ́là inú agolo tòmátì kan sílẹ̀, ó ṣa òkúta kékeré kan nílẹ̀. "Dúrọ́ọ̀mù ìdìbò lèyí. Olúkúlùkù olùdíje ló ní àwọ̀ tirẹ̀, fọ́tò rẹ̀ á sì wà lára ẹ̀." Ó ju òkúta náà sínú rẹ̀. Kọ̀! "Agogo wà nínú tiwọn. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, o ti dìbò nìyẹn. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, olè ni ọ́."

Bọ́ọ̀lù gíláàsì kéékèèké bíi tàwọn ọmọdé ni wọ́n ń jù, tíréè oníhò ni wọ́n sì fi ń kà á. Òun ni wọ́n fi lé ààrẹ wọn, Yahya Jammeh, jáde ní oṣù Kejìlá 2016, lẹ́yìn ọdún 22. Ó kọ́kọ́ gbà, ó tún yí ohùn padà, àfìgbà tí ọmọ ogun ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ̀lú ní oṣù Kìn-ín-ní 2017 kó tó gbéra.

Mo bi í bóyá ó ti ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú fún ìbò 2027. Ó pòṣé. Nígbà kan, àwọn kan ní kó ṣe ọgọ́rùn-ún yáàdì, wọ́n kó ìdajì lọ láwìn, ó tán. Ó ri ìyókù sínú aró, ó ń tà á ní ẹ̀dínwó. Mo ra yáàdì márùn-ún níbẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ, mo gba Kútọ̀ kọjá, níwájú pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ MKO Abíọ́lá pè. Agogo tirẹ̀ dún nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993. Ní ọjọ́ 23, ìjọba ológun wọ́gi lé ìbò náà. Ernest Shonekan tí wọ́n wá fi ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ ní oṣù Kẹjọ, ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ọbásanjọ́ tó wọlé ní 1999, ará Abẹ́òkúta ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìlú kan ṣoṣo!

Mo fọ aṣọ náà lọ́jọ́ Àìkú, mo sá a sóòrùn. Àmì ẹgbẹ́ yọ gàgààgà lábẹ́ aró, létí ìsàlẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò ní wọ ìyẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n yáa fi rán kọ́tìnnì.