Àwáwí Ẹlẹ́ṣin Ọba

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka Death and the King's Horseman, eré tí Wole Soyinka gbé jáde ní 1975, ló ń di ẹ̀bi ru Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Òun ló sáà ní kí wọ́n mú Ẹlẹ́ṣin, ìjòyè tí àṣà ní kó bá ọba tó wàjà lọ, kó má bàa kú tẹ̀lé ọba. Àmọ́ ẹ padà sí ìran kìíní, níbi tí òyìnbó kankan ò tíì yọjú. Ẹlẹ́ṣin kọ́kọ́ fi ìbínú bojú títí wọ́n fi wọ aṣọ olówó ńlá fún un. Aṣọ wọrùn tán, ìyàwó ló tún kàn. Ìdádúró méjì nìyẹn.

Kó tó béèrè ìkankan, ó ti sọ ìtàn ẹyẹ Èmi-Kọ́, ẹyẹ tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ìpè ikú. Àgbẹ̀ gbóhùn ẹyẹ, ó sá. Ọdẹ gbọ́, jìnnìjìnnì bò ó, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ààfáà náà sá. Ẹlẹ́ṣin nìkan ni ẹ̀rù ò bà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù tirẹ̀ ló ń pín káàkiri ìlú, tó wá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ni àwáwí ti gbilẹ̀. Àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà ni ọmọge náà, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́ṣin ò ní ara òun ló ń fẹ́ ẹ. Ó ní kí ẹrù òun fúyẹ́ fún ìrìn àjò, kí irúgbìn tí kò ní wúlò lọ́nà kúkú kù sílé fún alààyè. Èyí yàtọ̀ sí irọ́. Òpùrọ́ mọ òótọ́, ó kàn fi pamọ́ ni. Ẹni tó ń ṣe àwáwí ti kọ́kọ́ tan ara rẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá àṣà mu ni Ìyálọ́jà ṣe gbà, bó tilẹ̀ kìlọ̀ fún un. Ibi tí ẹnu Ẹlẹ́ṣin bá ti dùn jù ni kẹ́ ẹ ti fura.

Nínú túbú, ẹ̀bi ń ṣí kiri. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òyìnbó ni òun kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó kan àwọn òrìṣà, ó wá ń ṣe òun bíi kí òun dá ìyàwó náà lẹ́bi, ọmọbìnrin tí kò sọ gbólóhùn kan jálẹ̀ eré! Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé adùn ayé ló wúwo lẹ́sẹ̀ òun. Ìjẹ́wọ́ náà ò pẹ́ lọ títí. Ìyálọ́jà wọlé, ojú tì í, ó tún ní òun rò pé bóyá ọwọ́ òrìṣà ló wà nínú ohun tí àjòjì ṣe.

Wọ́n gbé òkú Olúndé wọlé, ọmọ rẹ̀ tó kú dípò rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin dúró gbagidi, kò fọhùn. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi dè é ló fi fún ara rẹ̀ lọ́rùn.