Ẹ̀yin àgbà yógà, ẹ jẹ́ ká tún ìdúró yín wò

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ṣòro kọ́, àwọn tó ti ń ṣe yógà tipẹ́ ni wàhálà wà lọ́dọ̀ wọn, torí ara wọn ti mọ ọ̀nà kan. Ní kíláàsì wa ní Sùúrùlérè, ìbàdí oníkálukú la fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, kì í ṣe àwòrán ara ògiri.

Ẹ wo Warrior II, ìdúró tá a ti máa ń ya ẹsẹ̀ síra, tá a tẹ orúnkún iwájú, tá a sì na apá méjèèjì. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ yín pé kí ìbàdí méjèèjì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ihò tí egungun itan wọ̀ sí ò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn, ti ẹlòmíì jìn, ti ẹlòmíì kọjú síwájú, tẹ́ ẹ bá wá ń fipá ṣí i, orúnkún iwájú á wọnú, òun ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbàdí ẹ̀yìn yí síwájú díẹ̀.

Àǹtí kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé gbogbo èyí tí mo ti ń ṣe ò dáa ni?" Rárá o, mà! Iyengar, olùkọ́ yógà ará Íńdíà tó kú ní 2014, tó gbajúmọ̀ gan-an lórí títo ara, òun náà lo búlọ́ọ̀kù yógà, bẹ́líìtì àti okùn kí ìdúró lè bá ara mu. Mo ní kí àǹtí náà gbọ́wọ́ lé ìbàdí, kí wọ́n yí i díẹ̀, orúnkún wọn sì padà sójú ọ̀nà lójú gbogbo wa, inú mi dùn gan-an.

Ẹ má kánjú ṣá, pàápàá tí gósìlóò Third Mainland bá ti tán yín lókun. Tí orúnkún bá ń ta yín, ẹ jáwọ́ kíá, kẹ́ ẹ pè mí.