Òfì Ìyá Àgbà Lára Ògiri: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Alẹ́ Sátidé, ilé wa ní Kàbà.

Fún ẹni tí kò bá mi bẹ̀rẹ̀, eré tí à ń ṣe nìyí: Ìyá àgbà ń hun aṣọ, kámẹ́rà ń wo ọwọ́ wọn, àwòrán náà ń hàn lójú ẹsẹ̀ lára aṣọ funfun tí mo ta sí ògiri, àbúrò mi sì ń lùlù tẹ̀ lé ìró òfì. Òfì onínàró ni, irú èyí tí àwọn ìyá wa nílẹ̀ Ọ̀kún fi ń hun aṣọ fífẹ̀. Bí wọ́n bá fi igi pẹlẹbẹ gbá òwú mọ́ra, á dún pàkà. Orí pàkà yẹn ni ìlù dúró lé.

Àwòrán ló ń pẹ́. Igi á ti dún tán kí ọwọ́ tó wálẹ̀ lára ògiri. Ká ní orin inú kọ̀ǹpútà ni, OBS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwòrán àti ohùn, lè dá ohùn dúró kí àwòrán fi bá a. Ṣùgbọ́n ìlù tó ń dún létí èèyàn nínú yàrá kan náà, ta ní máa dá a dúró?

Mo fi fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ká ọwọ́ Ìyá àti ògiri pọ̀, mo sì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán 36 ló wà láàárín méjèèjì, ìyẹn ìdá 15 nínú ìdá 100 ìṣẹ́jú àáyá. Igun yàrá ni mo gbé projector, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, sí tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń na àwòrán tó wọ́ náà tọ́, iṣẹ́ yẹn sì ń gba àkókò. Mo gbé e síwájú ògiri gan-an, mo pa nínà yẹn, mo yí i sí ètò tí àwọn tó ń gbá géèmù ń lò. Ó kù 22. Inú mi dùn débi pé mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Síbẹ̀ àbúrò mi ní òun ṣì ń rí i. Ni mo bá yí kámẹ́rà kúrò lára ọwọ́, mo dojú rẹ̀ kọ òwú tí a ta sára òfì. Bí igi bá gbá a, òwú á máa gbọ̀n lẹ́yìn tí ìró ti lọ, nítorí náà bí àwòrán bá pẹ́ díẹ̀, ojú kì í mọ̀. Ó bá ìlù mu ju ọwọ́ lọ.

(Iná: lábẹ́ gílóòbù, ilà dúdú ń sáré lójú àwòrán nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, torí eré rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Àtùpà oníbátìrì ni mo ń lò báyìí.)

Lálẹ́ yìí, Ìyá gbójú sókè wo ògiri. "Ọmọ mi, òwú kan já níbẹ̀ yẹn." Òótọ́ ni. Wọ́n dúró, wọ́n wá a rí, wọ́n so ó. Àbúrò mi náà gbé ọwọ́ kúrò lójú ìlù, ó ń wo ìka wọn títí pàkà fi tún dún, ó sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà nínú eré náà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wá kámẹ́rà kejì fún ìka Ìyá nìkan.